Omi kì í ṣe epo o: ọ̀rọ̀ fuel cell yìí ti sú mi

Fídíò yẹn tún ti dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, èèyàn mẹ́ta ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ẹnì kẹta sì jẹ́ oníbàárà tí mo ṣe ínfátà sílé ẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo nǹkan, omi lásán ni wọ́n ń bù sí i, iná ń tàn, ẹ̀yin wá ń ta bátìrì olówó ńlá fún wa, àbí ẹ̀yin àtàwọn elépo jọ ń jẹun pọ̀ ni?" Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá inú bí mi, torí ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́. Nínú fídíò ọ̀hún, ọ̀gbẹ́ni kan bu omi ife kan sínú ike, ó ki irin méjì bọ inú ẹ̀, ó so wáyà pupa àti dúdú mọ́ ọn, omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ìgbà tí wọ́n da ọṣẹ sí i, gílóòbù tàn, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó ní fuel cell, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pèsè iná mànàmáná, tó ń lo omi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n yára kọjá lórí ìpìlẹ̀ ẹ̀, torí ẹni tó bá ti ṣe kẹ́mísìrì dé SS2, ó yẹ kó mọ̀ ọ́n. Fuel cell ò jẹ omi. Gáàsì háídírójìn ló ń jẹ, ó ń fa ọ́síjìn látinú afẹ́fẹ́, ó ń pa àwọn méjèèjì pọ̀ láì sí iná tó ń jó, ohun tó sì ń tú jáde ni iná mànàmáná, ooru, àti omi. Ẹ̀yìn lomi ń gbà jáde, kò gba ẹnu wọlé. Lọ́yà ará Wales kan, William Grove, ti gbé irú ẹ̀ kalẹ̀ láti 1839, kì í ṣe nǹkan tí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi pa mọ́ fún wa. Àwọn tó gun Apollo lọ sóṣùpá, fuel cell ló ń fún wọn níná, omi tó ń ti ibẹ̀ jáde ni wọ́n sì ń mu. Mo fura pé ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti dorí kodò, wọ́n gbọ́ fuel cell, wọ́n gbọ́ omi, wọ́n fi ìdí ṣe orí.

Apollo náà ló sì já a. Ní April 1970, táńkì ọ́síjìn kan bú nínú ọkọ̀ Apollo 13. Fuel cell mẹ́ta ló wà níbẹ̀, háídírójìn ṣì wà nínú táńkì tiẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ́síjìn ṣe ń jò lọ bẹ́ẹ̀ niná ń lọ. Omi mímu ṣì wà nínú ọkọ̀ o, kò pọ̀, àmọ́ ó wà. Tómi bá jẹ́ epo ni, ṣebí wọn ì bá bu díẹ̀ sí i kíná padà dé. Ńṣe ni wọ́n ń ṣọ́ omi ọ̀hún mu, torí kò sí fuel cell tó máa pèsè òmíì mọ́.

Omi ni eérú háídírójìn. Háídírójìn ti jó tán, omi ló ṣẹ́ kù. Ta ló ń fi eérú dáná ro àmàlà?

Ibi tí wọ́n máa ń há mi mọ́ wá nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà gbà pé èèyàn lè fi iná la omi kí háídírójìn jáde padà. Tó bá ti jáde, kẹ́ ẹ gbé e fún fuel cell, kí fuel cell pèsè iná, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ nínú iná yẹn la omi míì, kò níí tán láéláé nìyẹn." Mi ò mọye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe òmùgọ̀, ìṣirò kan ṣoṣo ló sọnù lọ́wọ́ wọn, ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ìgbà tá a bá ń ra yúníìtì sínú mítà.

Láti rí kílò háídírójìn kan lára omi, ẹ máa nílò omi bíi lítà mẹ́sàn-án, ìyẹn ò wọ́n. Iná tẹ́ ẹ máa fi là á ló wọ́n: pẹ̀lú ẹ̀rọ tó dáa tí wọ́n ń tà lónìí, yúníìtì 50 sí 55 ló máa bá a lọ. Ó dáa, ẹ ti ní kílò kan lọ́wọ́. Ẹ gbé e fún fuel cell. Tí fuel cell yẹn bá dáa, tí wọ́n sì ṣètò ẹ̀ bó ṣe yẹ, yúníìtì 16 sí 20 ló máa dá padà fún yín, ìyókù ti di ooru. Ẹ fi 50 ra ọjà, ẹ tà á ní 18, ẹ tún ní ẹ fẹ́ fi èrè ẹ̀ ra òmíì. Èrè wo? Ẹ fi 18 yẹn la omi, bíi 6 ló máa padà dé, ẹ fi 6 là á, bíi 2 ló máa dé, tẹ́ ẹ bá tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i gílóòbù ò ní mọ̀ pé ẹ tan òun.

Ẹlòmíì á ní ẹ̀rọ ni ò tíì dáa tó, pé àwọn òyìnbó ń tún un ṣe lọ́wọ́. Ẹ gbàgbé ẹ̀rọ ná. Kómi tó là, ó kéré tán fólìtì 1.23 gbọ́dọ̀ wà láàárín irin méjèèjì, ìyẹn láyé tí nǹkan kan ò ti ń ṣòfò rárá. Fólìtì tó ga jù tí cell kan lè fún yín nígbà tí háídírójìn àti ọ́síjìn bá pàdé nínú ẹ̀, ẹ gbọ́ ọ dáadáa, 1.23 náà ni. Kì í ṣe pé nọ́ńbà méjèèjì ṣèèṣì jọra, ọ̀nà kan náà ni, àlọ àti àbọ̀. Láyé tiwa yìí, àlọ ń gba tó 1.8 sí 2, àbọ̀ ń fún yín ní 0.6 tàbí 0.7. Ẹ lè fi góòlù ṣe ike ẹ̀, ẹ ò lè mú kí àbọ̀ ju àlọ lọ.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí mo bá ń wo irú fídíò bẹ́ẹ̀, mi kì í wo omi mọ́, mi kì í wo gílóòbù, bátìrì ni mò ń wá. Irin tó wà nínú ike yẹn, kí ló ń hó o? Wáyà pupa gba abẹ́ tábìlì lọ, kámẹ́rà ò bá a débẹ̀, ó tún gbọ̀nà ibòmíì. Clamp meter, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná tó ń gba inú wáyà kọjá, ò wọ́n, mo ní ọ̀kan nínú báàgì iṣẹ́ mi, kí ẹnì kan fi ọ̀kan há wáyà tó ń wọlé, kó fi ìkejì há èyí tó ń jáde, kó jẹ́ ká wo nọ́ńbà méjèèjì pa pọ̀ fún wákàtí méjì. Títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí, kò sẹ́ni tó fi irú fídíò yẹn ránṣẹ́ sí mi. Ó jọ pé clamp meter ń tì wọ́n lójú.

Stanley Meyer, ará Ohio l'Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí orúkọ "water fuel cell" kárí ayé. Ní 1996 àwọn méjì tó ti kówó lé e gbé e lọ kóòtù, àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀rọ ẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ìlami tí gbogbo ayé mọ̀ náà ni, kóòtù ní jìbìtì gbáà ni, kó dá 25,000 dọ́là padà. Ó kú ní 1998, àwọn tó yẹ òkú ẹ̀ wò ní iṣan inú ọpọlọ ló bẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bá àwọn onífídíò sọ ọ́, wọ́n á ní elépo ló fún un ní májèlé jẹ.

Mi ò lè fi ojú kan náà wo gbogbo wọn ṣá. Ní November 2012, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn ò ju 14 sí 15 lọ gbé jẹnẹrétọ̀ kan wá síbi Maker Faire Africa, ìpàtẹ àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe ẹ̀rọ, l'Ékòó, wọ́n ní wọ́n fi iná la ìtọ̀ kí háídírójìn jáde fún un, pé lítà ìtọ̀ kan á gbé iná fún wákàtí mẹ́fà. Iṣẹ́ àwọn ọmọ yẹn dùn mọ́ mi títí dòní. Àwọn tó gbé e kiri ni mo bínú sí, torí ọ̀pọ̀ wọn ò béèrè iye iná tó ń wọlé, wọn ò sì béèrè pé wákàtí mẹ́fà ti kí ni, ti gílóòbù ni àbí ti fíríìsà? Níbí mo gbọ́dọ̀ sòótọ́: ìtọ̀ kì í ṣe omi lásán. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní yúríà wà nínú ẹ̀, yúríà ní agbára díẹ̀ lára, lórí ìwé ó tiẹ̀ rọrùn láti là ju omi lọ, fólìtì 0.37 ló ń béèrè dípò 1.23. Mo jókòó ṣírò ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tí NẸ́PÀ mú iná lọ. Lítà ìtọ̀ kan lè ní yúríà bíi gíráàmù 20, gbogbo agbára tó wà nínú ẹ̀ ò sì ju wáàtì 58 fún wákàtí kan, kó máà tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá yúníìtì. Gílóòbù LED wáàtì 10, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́fà lóòótọ́! Ó ya èmi náà lẹ́nu. Àmọ́ ìyẹn tí ẹyọ kan ò bá ṣòfò o. Tẹ́ ẹ bá gbà á kọjá nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń sọ bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún epo ẹ̀ di ooru àti ariwo, ó kù bíi wákàtí kan. Lítà bẹntiróòlù kan ní bíi yúníìtì 9 lára, ẹ fi wéra fúnra yín.

Ká tiẹ̀ ní ẹnì kan gbé háídírójìn gidi wá, nínú sílíńdà, tó mọ́ tónítóní. Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ kejì ti ń jáde, pé ẹ kàn máa so ó bíi bátìrì. Cell kan, ìyẹn ẹyọ kan ṣoṣo nínú ẹ̀, ò ju fólìtì 0.65 lọ lẹ́nu iṣẹ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fólìtì 48, ẹ máa to bíi 74 pọ̀ bíi búrẹ́dì onísíláìsì, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín wọn gbọ́dọ̀ tutù níwọ̀nba, tó bá gbẹ iná ò ní kọjá, tómi bá pọ̀ afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọlé. Fíríìsà wá gbéra. Fíríìsà ò mọ sùúrù, ìṣẹ́jú àáyá yẹn ló fẹ́ iná, afẹ́fẹ́ sì rèé, fáànù ló ń fẹ́ ẹ wọlé, fáànù ń gba àkókò kó tó yí dáadáa, òun náà sì ń jẹ nínú iná ọ̀hún. Kó tó dé, ọ́síjìn ti tán nínú cell, fóltéèjì já. Mo ti fọwọ́ kan ọ̀kan rí, kékeré, cell 13, ní lábù ilé ìwé kan, ó wà jẹ́jẹ́ ní bíi fólìtì 12 tẹ́lẹ̀, ni a bá kan gílóòbù iwájú mọ́tò mọ́ ọn lójijì, gílóòbù pọ́n díẹ̀, a gbọ́ "kẹ́!", kọ́ńtíróòlà ti já iná, ìgbà yẹn ni fáànù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pariwo bọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń gbé bátìrì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó gba ìgbéra àkọ́kọ́, kí fuel cell máa rọra gòkè tẹ̀ lé e. Bátìrì tẹ́ ẹ̀ ń sá fún náà ló tún wà níbẹ̀.

Mi ò ní fuel cell ò wúlò o. Toyota ń ta Mirai láti ìparí 2014, bíi kílò márùn-ún háídírójìn ni wọ́n fún mọ́ inú ẹ̀, omi ló ń kán nídìí ẹ̀, kán jáde, ẹ kíyè sí i. Bóyá níbi tí sólà bá ti pọ̀ ju ohun tí bátìrì lè gbà, tí wọ́n fẹ́ tọ́jú iná oṣù yìí de oṣù tó ń bọ̀, ó lè tó kéèyàn gba àdánù yẹn mọ́ra. Fún ilé oníyàrá mẹ́ta n'Ìbàdàn, mi ò rí i, bátìrì lithium tó gba yúníìtì 10 máa dá bíi 9 padà. Mo lè ṣì í.

Èyí tó ń já mi láyà ni ike HHO, ike tó ń fi iná la omi di gáàsì, tí wọ́n ń tà báyìí pé kẹ́ ẹ so mọ́ jẹnẹrétọ̀. Háídírójìn àti ọ́síjìn ti pò pọ̀ nínú ike kan náà níbẹ̀, ìṣáná ló kù. Gáàsì ìdáná, tó bá kọjá bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, kì í gbaná mọ́, háídírójìn ń gbaná láti 4 títí dé 75, kò ní òórùn, tó bá sì ń jó lọ́sàn-án ẹ lè má rí iná ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń da caustic soda sómi ọ̀hún, ẹ bi àwọn tó ń se ọṣẹ ohun tíyẹn ń ṣe fójú.

Oníbàárà mi ka gbogbo èyí tán, ó ní òun ti gbọ́, òun ò ní fi caustic sí i. Ó wá bi mí bóyá iyọ̀ ìsebẹ̀ máa ṣe é. Mi ò fèsì lórí WhatsApp, mo pè é lójú ẹsẹ̀: iyọ̀ pẹ̀lú iná nínú omi, gáàsì chlorine ló ń jáde níbẹ̀, òórùn ẹ̀ dà bíi jíkì, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ọmọ ń sùn ló sì ti fẹ́ dán an wò.