Ìyá kan náà, igbó kan náà: bí wọ́n ṣe ń ka èrò ará ìlú

Bí oníbéèrè bá dúró lọ́jà Kétu nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó bi ìyá tó ń ta gàrí pé, "Ẹ kú ọjà o. Ṣé ẹ fẹ́ kí ìjọba gba igbó tí wọ́n ń mu láàyè?", èsì kì í pẹ́: "Ọlọ́run máà jẹ́!" Àmọ́ tó bá ní, "Ọmọ tí wọ́n ká igbó díẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, ṣé kí wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n?", ìyá náà máa kọ́kọ́ gbé agolo tó fi ń wọn gàrí kalẹ̀ ná. Ó lè ní kí wọ́n nà án dáadáa, kí wọ́n dá a padà fún bàbá ẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1969 tí Gallup, iléeṣẹ́ tó ń ka èrò ará ìlú, kọ́kọ́ béèrè, ènìyàn 12 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló fẹ́ kí òfin gba igbó. Ní 2023, ó ti di 70. Ṣùgbọ́n Pew, iléeṣẹ́ míì tó ń ka èrò ará ìlú, béèrè níbẹ̀rẹ̀ 2024, 57 ló rí. Kò sẹ́ni tó purọ́. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni Gallup fẹ́. Pew fi ọ̀nà kan kún un, pé kí igbó jẹ́ oògùn ìwòsàn nìkan, 32 sì gba ibẹ̀ lọ.

Ní Kétu, ìtumọ̀ tún wà níbẹ̀. Èdè Faransé ni ìwé ìbéèrè sábà máa ń jẹ́. "Légaliser" ni pé òfin gbà á. "Dépénaliser" ni pé òfin ò gbà á, àmọ́ a kì í tìtorí ẹ̀ sọni sẹ́wọ̀n mọ́. Lẹ́nu oníbéèrè tó ń kánjú, méjèèjì lè di "kí wọ́n fi igbó sílẹ̀". (Àgbẹ̀ tó gbọ́ ìyẹn lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé nípa àwọn tó ń ṣọ́ igbó ìjọba.)

Yíyan ẹni tí a óò bi tún ṣe pàtàkì. Ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tí a ṣẹ́ gègé yàn káàkiri orílẹ̀-èdè, àṣìṣe ibẹ̀ kì í sábà ju bíi 3 sókè tàbí sísàlẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹgbàárùn-ún tí a kó jọ ní ibùdókọ̀ nìkan, ohùn ibùdókọ̀ ni.

Èyí tó le jù ni agbo ilé. Òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ka igbó léèwọ̀, àjèjì tó mú bírò dání sì jọ ọlọ́pàá. Bàbá jókòó lórí ẹní, wọ́n ń bi ọmọ léèrè lójú ẹ̀. "Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀" lọmọ máa sọ. Bí wọ́n bá pè é sẹ́yìn ilé, tó fọwọ́ ara ẹ̀ sàmì sí ìwé, tó ká a, tó jù ú sínú àpótí, ìwé yẹn lè sọ nǹkan míì.