Iná ló gbé páànù dé orí ilé Ìbàdàn, kì í ṣe òjò

Ẹni tó bá gun Òkè Màpó, tó wo apá Ọjà'ba àti Òjé, páànù tó ti pọ́n bí epo ni yóò rí, orí ilé dórí ilé, tí ojú ò tó ìparí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òjò ló sọ wá di onípáànù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ nílẹ̀ yìí kí baba ńlá ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ páànù, ewé sì ń gbà á. Iná ni ewé ò lè gbà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Lágelú, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ Ìbàdàn dó. Ìtàn tí àwọn àgbà ń pa ni pé nígbà tí wọ́n tú egúngún láṣọ, tí ogun sì pa ìlú àkọ́kọ́ rẹ́, orí òkè ni Lágelú àti àwọn ọmọ rẹ̀ sá lọ, òro àti ìgbín ni wọ́n sì ń jẹ. Títí dòní, wọ́n ṣì ń kì wá ní ọmọ ajòrosùn, ọmọ a-jẹ-ìgbín-yó, ọmọ a-fi-ìkarahun-fọ́rí-mu. Tèmi ni pé abẹ́ àpáta ni wọ́n kọ́kọ́ ń sùn. Ẹni tó ń fi ìkarahun mu ẹ̀kọ, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè gé koríko bo ilé? Àpáta kì í jò, kì í sì í jóná. Bóyá ìyẹn náà wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn máa bọ òkè náà.

Mo tún rí nǹkan kan mọ́ ọdún Òkèbàdàn fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ ọdún náà, tó sábà máa ń bọ́ sí oṣù kẹta, èèwọ̀ ni kéèyàn dáná nínú ilé. Oúnjẹ tútù là ń jẹ, ọjà á dá páropáro, àwọn ọmọdé á máa kọrin èébú kiri àdúgbò, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bínú. Àwọn aláwo mọ ìdí tiwọn, mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àsìkò tó bọ́ sí. Ọyẹ́ àti ọ̀gbẹlẹ̀ ti gbẹ orí ilé fún oṣù mélòó kan, ìjì tó máa ń ṣíwájú òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń jà. Bí iná bá ta péré láti ààrò kan, kì í ṣe agbo ilé kan ni yóò jó. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ẹni tó kọ́kọ́ fòfin de iná lọ́jọ́ náà ti rí ibi tí àdúgbò odindi ti jó rí.

Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1829, àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tẹ̀ dó síbí. Ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé ni wọ́n dó sí, nítorí náà oríṣi òrùlé méjì ló wà nílẹ̀ fún wọn. Àwọn tó ti ilẹ̀ ọ̀dàn wá mọ koríko bẹẹrẹ, èyí tí wọ́n tilẹ̀ ń ṣọdún fún ní Ọ̀yọ́, tí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin ń rù ú wá láti fi bo ààfin. Àwọn ará igbó mọ ewé gbòdógì. Bí mo bá fọkàn yàwòrán ibùdó yẹn, mo ń rí ilé koríko àti ilé ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí olúkúlùkù ń sọ pé tòun ló dáa jù.

Àwọn méjèèjì ló dáa. Láti etí ilé ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó lọ sókè, kí ti òkè lè gun ti ìsàlẹ̀, kí omi má sì ríbi wọlé. Orí ilé náà á dà gẹ̀rẹ̀ wá sílẹ̀ débi pé àgbàlagbà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èyí ló ń jẹ́ kí ọ̀ṣọ̀rọ̀ já sọ́nà jíjìn sí ògiri, torí amọ̀ ni ògiri, ìpele lórí ìpele, òjò tó bá sì ń gbá a lójoojúmọ́ yóò yọ́ ọ. Èéfín ilé ìdáná ló ń lé kòkòrò kúrò nínú ewé. Iná tó ń pa ewé mọ́ náà ló tún ń jó o. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́lá fi ń fi igi àti amọ̀ ṣe àjà sínú iyàrá, kí ẹrù iyebíye lè wà lábẹ́ rẹ̀ bí orí ilé bá tilẹ̀ gbiná.

Lọ́dún 1829 yẹn gan-an ni Henry Robinson Palmer, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ìwé àṣẹ lórí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ ní ìgbì-ìgbì kó lè le láìwúwo. Ní 1837, Sorel ará Faransé gbàwé àṣẹ tirẹ̀ lórí fífi síǹkì bo irin kó má tètè dípẹtà. Ẹgbẹ́ ni Ìbàdàn àti páànù, ọdún kan náà ni wọ́n wáyé. Ẹni tó bá ní kò já mọ́ nǹkan kan, kó máa wí i.

Àwọn ará Àgbádárìgì yóò ní àwọn ló ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì parí ní 1845. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé kan kì í ṣe ìlú. Àwọn ará Èkó yóò ní èbúté tiwọn ni páànù ti sọ̀. Wọ́n ò parọ́, àmọ́ iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun kì í jẹ́ kí síǹkì pẹ́ lára irin lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n tó mọ̀, orí ilé ti lu. Tiwa jìnnà sókun. Páànù wa kì í tètè lu, ó kàn máa ń pọ́n ni. Abẹ́òkúta ńkọ́? Wọ́n ní Olúmọ, ó tó wọn.

Àwọn àgbà agbo ilé wa ní Òjé kì í dárúkọ òjò bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ páànù. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọjọ́ tí bàbá wọn kan páànù ni ìyá wọn tó lè sun oorun àsùnwọra nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Mo fọkàn tán ẹ̀rí yìí ju ìwé lọ. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó ń kó páànù bọ̀ láti Èkó, ó sì ń kó kòkó lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tí kòkó bá ti fún lówó, orí ilé ló kọ́kọ́ ń ná an sí. Káfíńtà tó mọṣẹ́ kì í kanṣó sínú kòtò páànù níbi tí omi ń gbà, orí ìgbì ló ń kàn án sí. Bó bá tún jò, ọ̀dà dúdú àti àkísà la fi ń dí i.

Ṣùgbọ́n páànù wọ́n, wọ́n sì gé etí rẹ̀ kúrú. Ọ̀ṣọ̀rọ̀ wá ń já sí ìdí ògiri amọ̀, òjò sì ń gbá ara ilé. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ara ilé nìyẹn, pàápàá lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Ẹ wo ilé àtijọ́ èyíkéyìí ní Òkè-Àrẹ, níbi tí sìmẹ́ńtì ti ṣí, ẹ ó rí amọ̀ pupa lábẹ́ rẹ̀.

Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì dé, ó sì ti ń lọ, torí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Alumíníọ̀mù ló kàn, oríṣiríṣi àwọ̀, èyí tó gùn gbọọrọ àti èyí tí wọ́n tẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Wọ́n ti gba Bódìjà àti Akóbọ̀ tán. Bí wọ́n bá ṣí páànù àtijọ́ kúrò lórí ilé, èyí tó bá ṣì le ni wọ́n fi ń ṣọgbà yí ilẹ̀ tí wọ́n ń kọ́lé sí ká, àwọn tó ń ra irin àlòkù a sì kó ìyókù.