Rẹ́jísítà ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọlọ́pàá

Tí wọ́n bá ní òfin ti sọ ilé ìwé di dandan, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò ni ọlọ́pàá tó ń lé ọmọ kiri ọjà. Ọmọ kọ́ ni òfin náà ń bá wí. Òbí ni òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Nàìjíríà ṣe ní 2004 di ẹrù rù: kí ọmọ rẹ̀ parí ọdún mẹ́sàn-án, láti Pámárì 1 dé JSS 3. Òbí tó bá kọ̀, ìbáwí lásán ni ilé ẹjọ́ máa fún un lẹ́ẹ̀kíní. Lẹ́ẹ̀kejì, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Lónìí, èèyàn á fi ₦2,000 jẹun lẹ́ẹ̀kan, ó ti tán.

Ṣùgbọ́n ìtanràn kọ́ ni ọkàn irú òfin yìí. Rẹ́jísítà ni, ìwé tí tíṣà fi ń máàkì ọmọ tó wá àti èyí tí kò wá.

Ọmọ kì í ṣàdédé fi ilé ìwé sílẹ̀. Á kọ́kọ́ pa ọjọ́ ọjà kan jẹ, torí ìyá rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò bá a gbé igbá. Ọjọ́ ọjà mìíràn á tún pé. Tó bá padà dé kíláàsì, ìṣirò ti kọjá ibi tó bá a dé, ojú á tì í, á tún jókòó sílé. Kí wọ́n tó sọ pé ó ti kúrò, ó ti pẹ́ tó ti ń lọ, rẹ́jísítà sì ti ń sọ ọ́.

Ẹni tó ń sin adìẹ mọ èyí. Tó bá ń kà wọ́n lálaalẹ́, ọjọ́ tí àṣá gbé òròmọdìẹ náà ló máa mọ̀. Ẹni tó dúró di ọjọ́ ọdún kó tó kà, ìyẹ́ ló máa bá. Òmíràn ò sì kú rárá, àgò aládùúgbò ló lọ sùn sí, bíi ọmọ tí òbí rẹ̀ kó lọ sí ìlú mìíràn. Àfi kéèyàn bi aládùúgbò.

Ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń bi í: ilé ìwé tó bá yọ orúkọ ọmọ kúrò gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀. Àárọ̀ àti ọ̀sán ni wọ́n ń pe orúkọ. Bí "kò wá" bá pé mẹ́wàá láìgbàṣẹ láàárín ọ̀sẹ̀ ìwé mẹ́wàá, òbí lè gba ìwé ìtanràn £80, tí yóò di £160 tí kò bá san án láàárín ọjọ́ 21. Àwọn ará wa níbẹ̀ tó ń kó ọmọ wálé fún ìgbéyàwó kí ilé ìwé tó gba ìsinmi mọ lẹ́tà yẹn dáadáa.

Rẹ́jísítà tiwa náà ń gba máàkì láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Tó bá kún, kọ́bọ́ọ̀dù ló ń lọ. Òfin 2004 ò sọ iye ọjọ́ tí ọmọ máa pa jẹ kí ẹnì kan tó lọ kan ilẹ̀kùn ilé wọn.