Àwòrán tó ń jó: ọ̀dọ̀ wa ni ìsun rẹ̀ wà

Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe fídíò ní Ìbàrà, ní Abẹ́òkúta wa níbí, pé níbo ni fídíò orin oníkàtúùnù ti ṣẹ̀, wọ́n á ní Gorillaz ni, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwòrán kàtúùnù ń ṣojú fún. Àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ á ní rárá, A-ha ni, àwọn ọmọ Norway tí wọ́n ṣe "Take On Me" ní 1985, níbi tí ọkùnrin inú ìwé àwòrán ti na ọwọ́ síta, tó sì fa ọmọbìnrin kan wọlé. Ẹlòmíì á pariwo MTV, tẹlifíṣọ̀n fídíò orin ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1981. Wọ́n ṣeun. Odò ni wọ́n rí, wọn ò tíì rí ìsun.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ọ̀rọ̀ gan-an bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà wa, Babatunde Lawal lára wọn, sọ pé "à-wò-rántí" la sún kì tó fi di "àwòrán": ohun tí a wò tí a fi ń rántí. Ẹ yí ohùn rẹ̀ padà díẹ̀, ó di "awòran", ẹni tó dúró wo ìran. Ohùn nìkan ló la àwòrán àti awòran láàrin, ohùn sì ni iṣẹ́ ìlù. Èmi ò rò pé èyí kàn ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀.

Ní 1826, Hugh Clapperton, ọmọ Scotland, dé Ọ̀yọ́-Ilé. Aláàfin pe àwọn eléré kí wọ́n dá àlejò lára yá, òyìnbó náà sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Àwọn kan kọ́kọ́ wọnú àpò, wọ́n ń jó, wọ́n ń ta kìtì. Lẹ́yìn èyí, òjòlá ńlá kan yọ jáde látinú àpò, ó ń gbìyànjú àtibu ẹni tó bá sún mọ́ ọn jẹ. Èyí tó kẹ́yìn ló dùn mọ́ mi jù: àpò kan ṣí wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹni inú rẹ̀ funfun báláú, ó rù hangogo, ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ pa ọwọ́, ó sì ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí òyìnbó tí kò wọ bàtà lórí ilẹ̀ tútù. Àwọn ará ìlú ń bi àlejò pé ṣé kò dára ni! Láàrin eré kan sí èkejì, àwọn ayaba ń kọrin, èrò ń gbè é.

Ẹ dákun, kí ni kàtúùnù bí kì í bá ṣe èyí? Ẹ̀dá tí kò sí, tí wọ́n sọ àbùdá rẹ̀ di ńlá kó lè pani lẹ́rìn-ín, tó ń rìn sí orin. Ọ̀dọ̀ àwọn apidán, àwọn egúngún eléré tó ń ṣe irú idán yìí, bàtá ló máa ń ṣáájú. Ìgbà tí onílù bá yí ọwọ́ padà ni egúngún ń yí àwọ̀ padà. Àwọn Ọ̀yọ́ á ní tiwọn ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn Clapperton, ní 1830, ni Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ, ogun sì fọ́n àwọn alárìnjó ká débi gbogbo. Lọ́dọ̀ àwọn ará Yewa tó múlé gbè wá, ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mìíràn wà tí wọ́n fi okùn fà, tí yóò máa mira bí ìlù ṣe ń dún.

Mi ò tíì mẹ́nu ba Ìtòkú, ọjà àdìrẹ wa. Ní tiwa níhìn-ín, páànù ni wọ́n ń gé ọnà sí fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ. (Ìbàdàn fẹ́ràn kí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ ya tiwọn, ó dára náà.) Wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún gba ojú páànù kọjá sórí aṣọ, wọ́n á ṣí i síwájú, wọ́n á tún fi gbà á, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ẹyẹ kan á di ogún ẹyẹ tó tò tẹ̀léra. Ẹ sáré fojú gba orí aṣọ náà kọjá, ẹ ó rí i tí ẹyẹ ń fò. Ọdún 1935 ni Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí ìtẹ́, tí aṣọ Olóba, àdìrẹ tó ní àwòrán ọba náà lára, fi gbòde. Ọdún yẹn kan náà ni Len Lye, ọmọ New Zealand, kun ọ̀dà sórí fíìmù tààrà láìlo kámẹ́rà, tó sì fi orin ijó àwọn Cuba sí i.

Òótọ́ ni pé àwọn òyìnbó ló ṣe ẹ̀rọ. Max Fleischer ní New York ṣe ẹ̀rọ tí ènìyàn fi ń tẹ̀lé ìrìn ẹni gidi lórí fíìmù, tí yóò yà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti 1924 ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti ń fò lórí ọ̀rọ̀ orin kí àwọn òǹwòran sinimá lè bá a kọ ọ́. Ní 1932, wọ́n fi ẹ̀rọ yẹn gba ijó Cab Calloway, olórin jáàsì Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi wọ iwin kan tó jọ ẹran inú òkun eléyín gígùn. Ènìyàn nínú ẹ̀kú nìyẹn! Ọgbọ́n yẹn kan náà ni A-ha padà lò: nǹkan bí àwòrán 3,000, ọ̀sẹ̀ 16.

Abẹ́òkúta ti fi orin tirẹ̀ sórí àwo ní 1922, nígbà tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti gba orin 43 sílẹ̀ ní London. Fela, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ní Lemi Ghariokwu tó ya àwòrán sí ara páálí àwo rẹ̀ 26. Àwòrán wọ̀nyẹn kún fún èrò àti ìjà. Ó ku kí ẹnìkan mú wọn rìn.

Ìyókù kò pẹ́ sọ. Ẹgbẹ́ olórin Dire Straits fi kọ̀ǹpútà ṣe fídíò tiwọn ní 1985, Peter Gabriel lo amọ̀ ní 1986, àwo orin àkọ́kọ́ Gorillaz jáde ní 2001, Daft Punk sọ odidi àwo orin di fíìmù ní 2003, Crazy Frog, ọ̀pọ̀lọ́ kàtúùnù, dà wá láàmú ní 2005. Lónìí, fóònù ti tó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ọ̀kan lọ́wọ́. Kò ní ya ohunkóhun àfi tó bá ti sàmì sí ibi tí ìlù ti balẹ̀: bí ìlù bá ń lù ní ìgbà 120 láàrin ìṣẹ́jú kan, tí fíìmù sì ń lo àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán 12 ló bọ́ sáàrin ìlù kan sí èkejì. Ó fi hàn màmá wa tó ń ta àdìrẹ. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, "Egúngún ilé ta nìyí?"