Ẹ Má Gbé Ikùn Kíkún Wá Sídìí Kámẹ́rà

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, gààrí, oúnjẹ ni o. Ó ti sú mi láti máa dá èèyàn tó wá kí n fi kámẹ́rà wo inú ikùn òun padà sílé torí "mi ò jẹun, dókítà, mo kàn fi gààrí panu ni." Gààrí ti wú, ẹ̀pà ń léfòó lórí ẹ̀, kí wá ni kí n rí níbẹ̀? Bí mo sì ṣe ní kẹ́ ẹ fi ikùn sílẹ̀ lófìfo fún wákàtí 6 sí 8, kì í ṣe torí ojú mi nìkan. A ó fín oògùn sí yín lọ́nà ọ̀fun kí ibẹ̀ lè kú. A tún lè gún yín lábẹ́rẹ́ tó ń múni tòògbé. Bí ikùn bá da nǹkan sókè lásìkò yẹn, inú ẹ̀dọ̀fóró ló lè gbà lọ. Gààrí nínú ẹ̀dọ̀fóró! Omi lásán nìkan lẹ lè mu, kẹ́ ẹ sì dáwọ́ ẹ̀ dúró bó bá ku wákàtí 2. Ẹ mú ẹni tó máa sìn yín relé dání.

Iṣẹ́ kámẹ́rà fúnra ẹ̀ ò pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kámẹ́rà wà lórí ẹ̀ la ó tì gba ọ̀fun dé ikùn, títí dé orí ìfun. Kò dí yín léèémí. Bí mo bá já ẹran bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, ẹ ò ní mọ̀. Ọgbẹ́ inú là ń wá o, kì í ṣe májèlé tí orogún fi sọ́bẹ̀.

Kòkòrò Helicobacter pylori àti oògùn ara ríro ló ń dá ọgbẹ́ inú sílẹ̀ jù. Marshall àti Warren, àwọn dókítà ará Ọsirélíà méjì, ti gba ẹ̀bùn Nobel lórí kòkòrò yẹn ní 2005, ẹ ṣì ń sọ fún mi pé ebi ló ń fà á.

Ìyá kan tí orúnkún ń dùn ń lo diclofenac pọ̀ mọ́ ibuprofen, oògùn ara ríro ni méjèèjì, lójoojúmọ́. Ìgbẹ́ ẹ̀ di dúdú kirikiri, ó ń lẹ̀, ó ń rùn. Alágbo ní ìdọ̀tí jẹ̀díjẹ̀dí ló ń jáde, ó tún bu ife mìíràn fún un. Ẹ̀jẹ̀ ni! Kí wọ́n tó gbé e dé, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ti funfun báláú. Mo rí ọgbẹ́ náà lórí ìfun, ẹ̀jẹ̀ ń ṣun lára ẹ̀. Inú okùn yẹn náà ni mo gbà gún un lábẹ́rẹ́, tí mo sì fi irin kékeré há a mọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dá. Alágbo wo ló lè dán ìyẹn wò?

Lóòótọ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ táwọn aláboyún ń lò náà máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Síbẹ̀, bẹ́ ẹ bá rí ìgbẹ́ dúdú, ẹ wá sọ́sìbítù lọ́jọ́ náà gan-an, kí àwa sọ èyí tó jẹ́.