Ọ̀dọ̀ àwọn oní-tẹlifóònù ni rack ti wá

Ẹni tó bá fẹ́ ra server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń bá àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ṣiṣẹ́, fún ọ́fíìsì rẹ̀ yóò bá oríṣi méjì pàdé: èyí tó rí pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń tì bọ inú férémù irin tó ń jẹ́ rack, àti tower tó ń dá dúró nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé àwọn oníkọ̀ǹpútà ló dá rack sílẹ̀. Rárá o. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà ló ni ín, ọ̀pọ̀ ọdún kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Bí wáyà bá ṣe gùn tó ni ohùn inú rẹ̀ ń kú tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára sójú ọ̀nà. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ló mú kí Alexander Graham Bell lè jókòó ní New York ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1915, kó sì bá Thomas Watson, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ àtijọ́, sọ̀rọ̀ ní San Francisco. Ṣùgbọ́n inú àpótí pákó àti orí pẹpẹ ni wọ́n ń kó wọn sí nígbà náà, bí àyè bá ṣe yọ. Nígbà tí wọ́n pọ̀ débi pé yàrá kò gbà wọ́n mọ́, iléeṣẹ́ tẹlifóònù AT&T tún gbogbo rẹ̀ tò ní nǹkan bí ọdún 1922: irin méjì lóòró, pánẹ́ẹ̀lì (irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ wà lára rẹ̀) tó fẹ̀ ní íǹṣì 19 tí wọ́n dè mọ́ wọn, gíga pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po íǹṣì 1.75. Íǹṣì 1.75 yẹn gan-an ni 1U tí à ń pè lónìí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 19? Èrò tèmi ni pé apá ọmọ ènìyàn ló pinnu rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo lè fi ọwọ́ méjèèjì di pánẹ́ẹ̀lì tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mú, kó gun àkàsọ̀, kó sì dè é mọ́ irin láìpe ẹnìkejì. Ilẹ̀ àárín ìlú ńlá wọ́n. Òkè ò ná wọn ní nǹkan kan. Òkè ni wọ́n bá gbà lọ.

Àwọn kan ní rélùwéè ló kọ́kọ́ ní in, nítorí pé àwọn náà lo relay, ìyẹn swíìṣì tí iná mànàmáná ń tan, tí wọ́n ń tò sórí férémù. Níní relay kọ́ ni níní ìwọ̀n. Ìwọ̀n AT&T là ń lò títí dòní. Nígbà tí iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà DEC gbé kọ̀ǹpútà PDP-8 jáde ní 1965, inú ilé tí àwọn oní-tẹlifóònù ti kọ́ sílẹ̀ ló wọ̀.

Àbúrò ni tower, orí tábìlì akọ̀wé ló sì ti wá. IBM PC ti 1981 dùbúlẹ̀ gba gbogbo orí tábìlì. Ní 1987, IBM gbé kọ̀ǹpútà PS/2 Model 60 àti 80 nàró sílẹ̀; SystemPro ti iléeṣẹ́ Compaq, tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ server, tẹ̀lé e ní 1989.

Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá ló yẹ ká fi yan èyí tá a máa rà. Server 1U kò ga tó mìlímítà 45, fáànù kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, eré burúkú ni wọ́n sì ń sá kí ooru tó lè jáde. Ariwo rẹ̀ kò ṣeé bá gbé nínú yàrá tí ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́. Fáànù ńlá inú tower rọra ń yí. Tó bá jẹ́ server kan tàbí méjì nínú ọ́fíìsì, tower ni kẹ́ ẹ rà. Tó bá ti di mẹ́rin, márùn-ún, tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń háyà àyè ní U kọ̀ọ̀kan, rack ni. Ẹ wọn jíjìn rack náà kẹ́ ẹ tó sanwó, nítorí rack tí wọ́n ṣe fún wáyà lásán kì í sábà gba server. Ẹni tí kò tíì dá a lójú lè ra tower tó ṣeé dà dùbúlẹ̀ sórí irin rack; 4U tàbí 5U ló sábà máa ń gbà.