Ilẹ̀ tí ìwakùsà ti bà jẹ́: kí ni fọ́ńgáì ṣì ń ṣe níbẹ̀?

Ìbéèrè: Níbi tí koríko gan-an kọ̀ láti hù, ṣé nǹkan ẹlẹ́mìí ṣì wà nínú iyẹ̀pẹ̀ ọ̀hún?

Ó wà. Fọ́ńgáì, ìyẹn ìran olú àti ohun tó ń mú búrẹ́dì bu, kì í tètè kó ẹrù. Olú tí ojú ń rí kò ju èso lọ. Ara rẹ̀ gan-an ni fọ́nrán tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ, tó lọ́ mọ́ra lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ wo odò Río Tinto ní Sípéènì, níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà láti nǹkan bí 5,000 ọdún: omi rẹ̀ pupa, ó sì kan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Fọ́ńgáì ń gbé inú rẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni òjé àti síǹkì, àwọn irin olóró tí ìwakùsà ń fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀, kò ṣe pa wọ́n?

Ó ń pa púpọ̀ nínú wọn. Àwọn tó kù ló gbọ́n. Òjé á lẹ̀ mọ́ ògiri sẹ́ẹ̀lì wọn lóde kó tó wọlé. Èyí tó bá ráàyè wọlé, wọ́n á tì í mọ́ inú àpò kan. Àwọn mìíràn ń tu ásíìdì tó ń sọ ọ́ di òkúta wínníwínní. Èyí tó wú mi lórí jù ni Suillus luteus, olú tó ń bá gbòǹgbò igi páìnì dòwò pọ̀. Ní Lommel, ní Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ síǹkì tẹ́lẹ̀, èyí tó ń hù níbẹ̀ ń fara da síǹkì ju ọmọ ìyá rẹ̀ tó wà ní ilẹ̀ tó mọ́ lọ, ó sì ń dáàbò bo páìnì náà.

Ìbéèrè: Ṣé oríṣi wọn kì í wá dín kù ni?

Ibí ló ti ń rúni lójú. Nígbà mìíràn ó dín kù gan-an. Nígbà mìíràn iye oríṣi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ilẹ̀ tó dára mu. Àmọ́ iye ń tanni. Àwọn onílé ti kó jáde, àwọn àlejò alágbára ti gba yàrá wọn. DNA inú iyẹ̀pẹ̀, ìyẹn àmì ìran tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ohun ẹlẹ́mìí, ni wọ́n sì fi ń kà wọ́n, bẹ́ẹ̀ DNA òkú lè bá ti alààyè wọ iye.

Ìbéèrè: Ṣé fọ́ńgáì lè fọ ilẹ̀ náà mọ́?

Rárá, tó bá jẹ́ pé kí òjé pòórá lẹ ń wí. Òjé kì í jẹrà. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Dundee ní Skọ́tláńdì fi hàn pé fọ́ńgáì lè sọ ọ́ di pyromorphite, òkúta kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yòrò. Òjé ṣì wà níbẹ̀. Kò kàn ní rọrùn fún òjò láti gbé e wọnú kànga ni.